Ilé Tí Ìyàwó Pírínsípà Fẹ́ràn

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ náà sílẹ̀, èèkàn àti okùn tí wọ́n fi wọnlẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Abẹ́ igi làwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ilé méjì péré ni bíríkìlà rí parí: ilé pírínsípà àti ilé ẹlẹ́dẹ̀. Òjò ti fọ ọ̀rọ̀ orí pílánù dànù, ṣùgbọ́n bíríkìlà ní kò séwu, òun kì í wo àkọlé, àwòrán lòun ń wò.

Ọkàn pírínsípà ò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kó ìyàwó rẹ̀ lọ sílé tó ń jò, ìyẹn sì ti sọ ojú abẹ níkòó.

"Bàbá Ìbejì, tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí bá tún rí bákan, ilé ìyá mi ni mò ń lọ o. Kẹ́ ẹ wá fẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yín níyàwó."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó máa dé, olùtọ́jú ẹlẹ́dẹ̀ wá, ó ń làágùn yọ̀bọ̀.

"Ọ̀gá, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ò rí àtẹ̀gùn yẹn gùn o. Gbígbé ni mò ń gbé wọn!"

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì la wà," ni pírínsípà wí. "Wọ́n á kọ́ ọ."

Ìyàwó dé. Ó gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò gbé e wọlé. Ó da omi sílẹ̀; omi sáré gba gọ́tà jáde fúnra rẹ̀. Ó fọwọ́ pa ọpọ́n kọnkéré gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Aṣọ ọ̀sẹ̀ kan á gbà síbí."

Ó wo ilẹ̀kùn tí kò ga ju àyà lọ.

"Èyí náà dáa. Màá lè máa rí yín bọ̀ látòkèèrè."

Ó gbé àpótí wọlé. Pírínsípà mí kanlẹ̀.

"Ẹni tó ya ilé yìí mọ ìyà tó ń jẹ obìnrin," ni ìyàwó wí. "Ẹ pè é wá, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé pákó lé ọpọ́n, ó tẹ́ aṣọ funfun sí i, ó to abọ́ oúnjẹ sórí ẹ̀. Tọkọtaya fara ti ilẹ̀kùn kúkúrú náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń juwọ́ sí ayàwòrán ilé tó ń bọ̀.

Ọkùnrin náà wo pílánù tí òjò ò pa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan bo imú kọjá níwájú wọn, ó gun àtẹ̀gùn ilé ẹlẹ́dẹ̀, ó ṣí fìlà, ó kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ kú ilé o, ọ̀gá pírínsípà."