Òpó Kẹta Ilé Àlejò

Ọ̀dà pupa tí àwọn ẹnjiníà láti Àkúrẹ́ fi fa àmì ìwólulẹ̀ sára ilé àlejò àtijọ́ ní Arámọkọ kò tíì gbẹ tán tí Dàda tó ni ilé náà fi wọlé tọ Olúrántí wá. Wọ́n fẹ́ fẹ títì lójú, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n sì máa wó.

"Tíṣà, ulé tí bàbá mi kọ́ ni. Bá mi kọ̀wé sí wọn. Ìwọ lo mọ̀wé jù."

Olúrántí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wo ẹnu tó ń bẹ̀ ẹ́. Ẹnu yìí kan náà ló lé ìyá rẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ilé náà ṣì ń gba àlejò nígbà náà, Dàda ló sì ń jókòó sídìí tábìlì. Òjò ń rọ̀, ara àbúrò Olúrántí obìnrin gbóná janjan lẹ́yìn ìyá wọn, ọsibítù ṣì jìnnà. Dàda na ìwé àlejò sí ìyá náà. Kò lè kọ nǹkan kan.

"Ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ kì í sùn níbí," ni Dàda wí.

Ìdí òpó kẹta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, níbi tí wọ́n ti ń sá fún òjò, ni ọmọ náà kú sí. Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí Olúrántí, kò sì rọ̀ rí.

Síbẹ̀, ó ní òun á kọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń yí ilé náà po pẹ̀lú téèpù. Ó wọn ògiri bíríkì sísun tó nípọn, fèrèsé tí orí wọn tẹ̀ kọrọdọ, àti yàrá mẹ́fà tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ka òpó mẹ́jọ. Ó pẹ́ díẹ̀ nídìí ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ó wọn títì fúnra rẹ̀, ó sọdá sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun tí Dàda àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gbé. Àwọn ará àdúgbò ní Tíṣà mà láforíjì o.

Ojú Dàda kò ríwèé kà mọ́, kò sì lè di bírò mú mọ́. Olúrántí jókòó tì í lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń túmọ̀ lẹ́tà náà fún un láti èdè òyìnbó, òpó dé òpó, fèrèsé dé fèrèsé. Dàda sunkún.

"Ṣé ó parí?"

"Ó ku ìlà kan, Bàbá. Ìdágbére ni. Ẹ tẹ̀ka síbí."

Dàda tẹ̀ka. "Mo ti rò pé o ṣì ń bínú sí mi."

"Ó ti pẹ́, Bàbá."

Lóṣù kejì, àwọn ẹnjiníà pa àmì ara ilé àlejò rẹ́, wọ́n gbé ọ̀dà pupa sọdá títì, wọ́n sì fi ìlà tó kẹ́yìn han àwọn ọmọ Dàda, èyí tí àmì àtàǹpàkò bàbá wọn wà lábẹ́ rẹ̀ gbàǹgbà: "Ẹ wó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi tó wà ní òdìkejì dípò rẹ̀, tinútinú ni mo fi í sílẹ̀."