Ọdún Mẹ́ta Tí Servais Yọ Kúrò

Láti àárọ̀ ni Servais ti jókòó sídìí tábìlì ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá ìlú Liège, tó ń fi awò kékeré ka nọ́ńbà ara ìbọn àwọn èèyàn. Nọ́ńbà ló ń sọ ọdún tí ilé iṣẹ́ rọ ìbọn. Èyí tó bá ti ṣáájú 1895, òfin kà á sí ohun àtijọ́, ẹni tó ni ín á gbé e relé. Èyí tó bá dé lẹ́yìn ìgbà náà, tí kò sì ní ìwé àṣẹ, ìléru ló ń lọ. Gbogbo ìbọn ọjọ́ náà ló ti rán lọ síná. Ọ̀rọ̀ "ẹ má bínú" ti sú u lẹ́nu.

Tọkọtaya Wéry ló kẹ́yìn. Ọkọ, arúgbó tó ń jẹ́ Toussaint, tú ìbọn ìléwọ́ kan jáde nínú áńkáṣíìfù, ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ìyàwó rẹ̀, Ghislaine, dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá bàbá mi ló rà á," ni Toussaint wí. "Mi ò mọ ọ̀tá tó lọ sọ fún ọlọ́pàá pé ó wà lọ́wọ́ mi. Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, òun ni mo máa ń bá jókòó."

"Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀ pàápàá, kì í gbé ìbọn náà sílẹ̀," ni Ghislaine wí.

"Ẹ má dá a lóhùn, ọ̀gá," ni Toussaint wí. "Ó ń jowú ìbọn."

Servais rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣé ó ṣì ń dún?"

"Ó ń dún dáadáa," ni Ghislaine dáhùn, kí ọkọ rẹ̀ tó lanu.

Ta ló ń sọ irú ìyẹn ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá? Servais kà á sí àìmọ̀kan, àánú obìnrin náà sì ṣe é. Ó ka nọ́ńbà náà. Ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ kò dé orí nọ́ńbà yẹn títí di 1897, ìyẹn kò rú u lójú rárá. Ṣùgbọ́n ó wo bí arúgbó náà ṣe gbọ́wọ́ lé ìbọn rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn arúgbó.

"1894," ló wí.

"Ṣé ó dá yín lójú?" Ojú Ghislaine ti wọnú bí ojú ẹni tí kì í sùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ tún un kà. Ẹ fara balẹ̀ kà á."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá. Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín mọ́."

Ó kọ 1894 síwèé, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e.

"Ṣé o rí i, Ghislaine?" ni Toussaint wí, ó ń di ìbọn náà padà. "Mo sọ fún ẹ pé wọn ò lè yà wá."

Ghislaine bú sẹ́kún. Servais rò pé ẹkún ayọ̀ ni, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀ bó ṣe ń lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ghislaine nìkan ló padà wá, nínú aṣọ ọ̀fọ̀, ó dúró níwájú tábìlì, ó ní, "Èmi ni mo lọ bẹ ọlọ́pàá pé kí wọ́n ránṣẹ́ pè wá, ọ̀gá, kí òfin lè bá mi gbà á lọ́wọ́ Toussaint kó tó fi pa ara ẹ̀."