Òwú Pupa Màmá Àgbà

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá, ọdún 1994, Dùnsìn àti ìyá rẹ̀ fẹ́ mú Màmá Àgbà lọ wo ìlú Torino ní Ítálì. Dùnsìn wá sílípáàsì rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò rí i. Ẹsẹ̀ lásán ló fi lọ wẹ̀. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó rí báàgì kékeré kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹni tó fẹ́ lọ wo ìlú kó sì padà lálẹ́ kì í gbé irú báàgì bẹ́ẹ̀.

Láti oṣù Kẹjọ ni Màmá Àgbà ti wá láti Ìlá sọ́dọ̀ wọn ní Nichelino, nínú ilé oníyàrá méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Dùnsìn gbọ́ tí Yẹ́misí, ìyá rẹ̀, ń rọra sọ̀rọ̀ lórí fóònù lédè Ítálì.

“Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Kò níjàngbọ̀n rárá. Láti alẹ́ Sátidé, ọ̀dọ̀ yín ni yóò máa sùn.”

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Moncalieri ni Yẹ́misí ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀wù funfun ọlọ́rùn àwọ̀ ewé ló ń wọ̀ lọ. Ó ti sọ rí pé wọ́n máa ń rán orúkọ sára aṣọ gbogbo arúgbó ibẹ̀, kó má baà sọnù níbi ìfọṣọ. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, Dùnsìn sì bá Màmá Àgbà tó ń fi òwú pupa rán nǹkan sára aṣọ funfun. Bí Màmá Àgbà ti rí Dùnsìn, ó ti aṣọ náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Dùnsìn kò bèèrè. Ọ̀rọ̀ kì í tètè yọ lẹ́nu rẹ̀. Látìgbà tó ti jáde ilé ìwé, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ tí wọ́n pè é wá, tó sì yí padà láìwọlé. Ìyá rẹ̀ kò tún bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mọ́.

“Ya irun ẹ, kó o wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa,” ni Yẹ́misí wí. “A máa ya fọ́tò.”

“Va bene,” Dùnsìn gbà.

Ní Torino, wọ́n dúró níwájú ààfin. Màmá Àgbà ń ka fèrèsé títí ó fi sú u.

“Ta ní ń gbá gbogbo ilẹ̀ yìí?”

“Ọba ò sí níbẹ̀ mọ́, Màmá,” ni Yẹ́misí wí.

“Ìyẹn ni ilẹ̀ ò fi ní dọ̀tí?”

Dùnsìn nawọ́ sí báàgì kékeré náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. “Mọ́mì, ẹ jẹ́ n gbé e.”

“Fi sílẹ̀.”

Nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Íjíbítì, wọ́n wọ inú tẹ́ḿpìlì kan tí wọ́n gbẹ́ láti inú àpáta. Dùnsìn ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún wọn. Omi fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ nílé rẹ̀. Wọ́n bá gé e, wọ́n kó o wá, wọ́n sì tún un tò.

“Ṣé òkúta náà gbà?” Màmá Àgbà bèèrè.

“Omi ìbá ti gbé e, Màmá,” Yẹ́misí dáhùn.

“Hùn. Nígbà míì, ẹni tó fẹ́ràn ẹ ló máa gbé ẹ kúrò níbi tó o jókòó sí.”

Yẹ́misí yíjú sí ògiri. Màmá Àgbà nawọ́ sí iṣẹ́ ọnà kan tó rí roboto.

“Kí lèyí, Àkànní?” ó fi oríkì pe Dùnsìn.

“Orúkọ ọba ni, Màmá.”

“Wọ́n gbìyànjú. Orúkọ kíkọ kì í ṣeré.” Ó wo ìka rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti gún.

Ọkàn Dùnsìn kò balẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n jáde, bọ́ọ̀sì Moncalieri ni ìyá rẹ̀ wọ̀, kì í ṣe ti Nichelino. Màmá Àgbà di ọwọ́ Dùnsìn mú, ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ẹni tó ń gbàdúrà. Ojú rẹ̀ kún fún omi.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìtọ́jú náà, obìnrin Ítálì kan ṣí géètì, ó ń rẹ́rìn-ín. Dùnsìn bọ́ síwájú Màmá Àgbà.

“No! Mia nonna non resta qui!” Ó pariwo débi pé àwọn arúgbó inú ọgbà gbójú sókè. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wọ́n síbí. Kí wọ́n máa lo bẹ́ẹ̀dì mi. Màá sùn sílẹ̀.”

“Kí ló ń wí?” Màmá Àgbà bèèrè.

Yẹ́misí gbá báàgì náà mọ́ra.

Dùnsìn já báàgì náà gbà, síìpù rẹ̀ ya, sílípáàsì òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ jábọ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀wù funfun ọlọ́rùn àwọ̀ ewé kan, irú èyí tí ìyá rẹ̀ ń wọ̀ ṣiṣẹ́, tí wọ́n fi òwú pupa kọ DÙNSÌN sí láyà, tí S inú rẹ̀ kọjú sódì.