Ọmọ Inú Òwú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ti rí òwú funfun róbótó lẹ́yìn ewé rí? Kí ló wà nínú rẹ̀?

Aláǹtakùn rí ọ̀kan nínú igbó, ó sì pe àwọn ẹranko jọ. Ó ní, "Okùn ta ló tún wà níbí, bí kò ṣe tèmi? Ọmọ mi ni! N ó ya á kí ẹ rí i."

Àdàbà fi ìyẹ́ bo òwú náà. "Ẹ ó pa á o, ìyá àgbà! Ta ní í sọ ọmọ lórúkọ nínú oyún?" Ó dá orin, igbó ń gbè é:

"Ta ló wà nílé òwú?
Ẹ jẹ́ ó jáde.
Ṣé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni?
Ẹ jẹ́ ó jáde."

Òwú là. Kòkòrò kan na ìyẹ́ mẹ́rin tó mọ́ gaara bí omi, ó sì fò.

Àwọn ẹranko pariwo pé, "Ìyá Aláǹtakùn, ọmọ yín mà ń fò!"

Àdàbà yan. "Ìyẹ́gaara ni! Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ."

Bí ẹ bá rí tiyín, ẹ gbé e tewétewé sínú ìgò, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo ẹnu rẹ̀. Kó jáde ná, kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀.