Ìgò Mẹ́ta fún Aboyún

Apòògùn ní kí káfíńtà jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí òun tó wọn bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru sí. Kò gbọ́dọ̀ rìn, kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ bínú. Àga tí wọ́n fún un ń mì. Ó ń wù ú kó dojú àga náà dé kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ra. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní dá a padà àfi tí ẹ̀rọ bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ti kẹ́míìsì. Apòògùn ń to páálí oògùn sórí pẹpẹ, ó ń fọwọ́ ti ìbàdí nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ nàró. Ọkùnrin kan wọlé, ó gbé àpò ọ̀rá lé káńtà, ó kó ìgò mẹ́ta jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

“Wò ó,” ó ní. “Èyí fún ọpọlọ, èyí fún egungun, èyí fún ojú. Láti òní lọ, àwọn la ó máa lò. Oṣù márùn-ún la wà yìí, a ò tíì ṣe nǹkan kan fún ọpọlọ!”

Káfíńtà wo ìgò àkọ́kọ́. Wọ́n ya ọmọ jòjòló sí i lára, ó dé fìlà àwọn tó gboyè ní yunifásítì, ó sì fi awò sójú.

Apòògùn yí ìgò kọ̀ọ̀kan, ó kà á tán. “Ọwọ́ ta lẹ ti rà wọ́n?”

“Ọwọ́ ẹnì kan tí mo ń kọ́ ní mọ́tò wíwà. Àwọn nìyàwó ẹ̀ lò. Ọmọ wọn ń sọ̀rọ̀ lóṣù mẹ́ta.”

“Kí ló sọ?”

“Mi ò bi wọ́n.”

Apòògùn fi ìka kan ìgò àkọ́kọ́. “Fítámì A wà nínú èyí. Ẹ̀kẹta yìí, epo ẹ̀dọ̀ ẹja ni, fítámì A ló kún inú òun náà. Tí aboyún bá pa wọ́n pọ̀, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Fólíìkì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fúnni ní klíníìkì ti tó.”

“Fólíìkì!” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Hóró bíńtín tí ò ní àwòrán kankan lára. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń pín in. Kí ni nǹkan ọ̀fẹ́ fẹ́ ṣe fún ọpọlọ?”

Fóònù dún. Dókítà kan ni, láti ọsibítù tó wà lókè títì, ó ń béèrè ìwọ̀n oògùn tó yẹ kí òun kọ fún ọmọ ọdún méjì. Apòògùn sọ ọ́ fún un láì ṣí ìwé. Dókítà dúpẹ́, ó tún dúpẹ́.

“Wàhálà tìẹ ni pé ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ,” ọkùnrin náà ń bá tirẹ̀ lọ. Ó ti ṣí ike omi tó bá lórí káńtà, ó ń mu ún. “Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì tí o ò bá fún ní ọ́ìlì gidi, ṣé ó máa gbé ẹ débi kan?”

“Ẹ kàn ka ẹ̀yìn ìgò yẹn fúnra yín.”

“O ti tún dé! Lálẹ́ yìí la máa bẹ̀rẹ̀. Ṣíbí méjì nínú èyí, hóró méjì nínú ìyẹn.”

Káfíńtà ro ti obìnrin kan tó jókòó sílé níbì kan, tí kò mọ nǹkan tí wọ́n ń gbé bọ̀ wá bá a. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló kù fún un. Ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, ayùn ti lọ nìyẹn.

“Ẹ gbé ìgò yẹn wá!” ó ní.

Ó fi awò rẹ̀ sójú, ó gbé ìgò sún mọ́ iná, ó sì kà á sókè pé kí aboyún má ṣe lò ó láì gba àṣẹ dókítà. Lẹ́yìn náà ló tún ọ̀rọ̀ apòògùn sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: fítámì A, epo ẹ̀dọ̀ ẹja, jàǹbá, fólíìkì. Kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un.

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lórí. “Háà! Bàbá, ẹ ṣeun o. Ó dáa kéèyàn máa pàdé ẹni tó mọ nǹkan. Dókítà ni yín, àbí?”

“Káfíńtà ni mí. Nǹkan tí arábìnrin yìí ń sọ látàárọ̀ ni mo sọ.”

“Òun kàn ń sọ ọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ ṣàlàyé ẹ̀.” Ó da gbogbo ìgò náà sínú garawa ìdọ̀tí, ó sì na ìka sí apòògùn. “Fólíìkì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ṣé o gbọ́ nǹkan tí bàbá sọ?”

“Mo gbọ́.”

Ó jáde, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣeré lọ́wọ́.

Apòògùn so ẹ̀rọ mọ́ apá káfíńtà. Nọ́ńbà tó gbé jáde kò dára rárá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún pa á rẹ́. “Ẹ padà wá láàárọ̀ ọ̀la, bàbá. Kò ní sẹ́ni tó máa bí yín nínú.”

“Ìyàwó ọkùnrin yẹn mà ń gbìyànjú o,” káfíńtà sọ. “Ta ló wá fi irú ọkọ bẹ́ẹ̀ fún un?”

“Òun fúnra ẹ̀ ló yàn án, bàbá.”

Fèrè mọ́tò dún lẹ́ẹ̀mejì níta, apòògùn bọ́ kóòtù funfun kúrò lórí ikùn tó ti yọ síta, ó sì nahùn sí ọkùnrin onígò mẹ́ta náà tó ń dúró dè é nídìí ọkọ̀ pé, “Mo ń bọ̀, olówó orí mi, ẹ jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn!”