Àáké Lásán

"Ẹ gbé e fún mi, àfáà. Òkúta kì í géni jẹ."

Dókítà nawọ́ sí òkúta dídán tí wọ́n hú jáde nínú kòtò ṣáláńgá àfáà ará Ìlọrin ní àdúgbò Maourey, nílùú Niamey. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba ti lé ọ̀gá Dókítà kúrò ní ọ́fíìsì ohun àtijọ́ tí àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Bí mínísítà kò bá rí ohun àtijọ́ kankan lórí tábìlì òun náà lọ́la, òun ni wọn yóò lé tẹ̀ lé e.

"Ẹdùn àrá ni," ni àfáà wí, ó sún sẹ́yìn. "Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ lẹ mọ ètùtù rẹ̀."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Pẹ̀lú gbogbo kéú tí ẹ kà, Ṣàngó lẹ ṣì ń bẹ̀rù? Àáké lásán ni. Àwọn ará àtijọ́ ló gbẹ́ ẹ, kí irin tó dáyé. Mo kàwé dé Faransé kí n tó mọ̀ ọ́n."

Ó gbé e, ó di ìdí mọ́tò. Òjò ti ṣú. Bó ṣe ń ṣílẹ̀kùn ni àrá sán, tó la igi dóńgóyárò ẹnu ọ̀nà sí méjì.

Dókítà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn, tòun ti kóòtù. "Káwòó! Kábíyèsí!"

"Ẹ dìde, Dókítà," ni àfáà wí láti ẹnu ilẹ̀kùn. "Mínísítà ń retí àáké yín."

Ọwọ́ méjèèjì ni Dókítà fi gbé òkúta náà, ó sì rọra dá a padà sínú kòtò ṣáláńgá.