Olóúnjẹ Tí Kì Í Jẹun Ní Búkà Rẹ̀

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó balẹ̀ gbì sí búkà Òkété.

Nígbà tí ìlú le, Òkété ń bomi la ọbẹ̀ àwọn oníbàárà, ó wá ń se tirẹ̀ lọ́tọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ehoro, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà, tọ́ ọbẹ̀ olómi náà wò, ó bú sórin, Òkété sì ń dá a lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín:

Ìyá Olóúnjẹ, ẹ wá jẹun o!
*Á gba ibi ire!*
Ẹ fi ṣíbí kan tọ́ ọ wò o!
*Á gba ibi ire!*

Ehoro ní, “Ẹ ò rí i? Ẹni tó sè é ò lè jẹ ẹ́!”

Ni gbogbo oníbàárà bá ṣí lọ sọ́dọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́, tóun náà ń ta oúnjẹ. Abọ́ tirẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n inú ìkòkò kan náà lòun àtoníbàárà ti jọ ń jẹ.

Láìpẹ́, ìkòkò ẹ̀yìnkùlé gbẹ. Òkété yọ lọ́ọ̀ọ́kán búkà Ọ̀kẹ́rẹ́. Kí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ní, “Ìyá Olóúnjẹ, ẹ wá jẹun o,” Òkété ti ń ṣanwọ́.